Ìyẹ̀fun Tí Kò Ní Òjé

Ọdún tí ẹnì kejì mi nínú iṣẹ́ lọ sí òkè òkun ni yàrá ìwádìí tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Kùmásì di tèmi nìkan. Ọmọ Àṣàńtì ni, àwa méjèèjì la sì jọ bẹ̀rẹ̀. À ń wá bí a ṣe máa ṣe irú séràmíìkì kan tó jẹ́ pé tí a bá tẹ̀ ẹ́, iná mànàmáná á jáde lára rẹ̀. Irú rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀rọ tí dókítà fi ń wo ọmọ inú oyún. Òjé ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń tà, òjé sì ń ba ara èèyàn jẹ́. Tiwa, pòtásíọ̀mù, sódíọ̀mù àti nìóbíọ̀mù la fi ń ṣe é.

Lẹ́yìn tó lọ, ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á bi mí ibi tí mo dé, á sì lọ. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé "maakye" tí mo fi kí ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ nìkan ló máa jáde lẹ́nu mi. Màá wọn ìyẹ̀fun, màá lọ̀ ọ́ pọ̀, màá sun ún nínú ààrò oníná, màá tẹ̀ ẹ́ di roboto bíi bọ́tìnì ẹ̀wù, màá sì tún un sun.

Nígbà tí òjò dé, mo ṣí àpótí tí mo kó àwọn bọ́tìnì náà sí. Wọ́n ti fọ́ túútúú. Gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti padà di ìyẹ̀fun, ó sì rin gbindin. Mo bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ pe ẹnìkan wá wò ó. Kò sí ẹnikẹ́ni.

Mo wọ ọkọ̀ tirótíró lọ sí ọjà Kejétíà, níbi tí màmá mi ti ń ta abọ́ àti ìkòkò. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Kùmásì ni wọ́n bí i sí, bíi tèmi. Mo ṣàlàyé fún un pé iyọ̀ pòtásíọ̀mù tí mo ń lò máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, pé ó dà bíi pé omi ti wà lára rẹ̀ nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, tí ìwọ̀n náà kò fi pé. Ó ń gbọ́ mi, ó sì ń fi Twi dá àwọn oníbàárà lóhùn. Nígbà tí èrò fúyẹ́ díẹ̀, ó wojú mi.

"Me ba, ọmọ mi, ta lẹ jọ ń jẹun níbẹ̀?"

Mo ní kò sí.

"Ta lo wá ń sọ gbogbo èyí fún?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a to abọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n jọ múlé gbera, ó gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní wáakyé wá bá mi. A jẹ ẹ́ níta, torí a kì í jẹun nínú yàrá náà. Lẹ́yìn náà ló wọlé wá jókòó. Mo gbé iyọ̀ náà sínú ààrò títí omi ara rẹ̀ fi gbẹ tán, mo sì wọ̀n ọ́n kó tó rí àyè fa òmíràn. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, oorun ń gbé e lọ. Ó kírun Ásárì, ó sì lọ. Ó wá bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, títí ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò fi yá, tó sì lọ tọ́jú rẹ̀.

Àwọn bọ́tìnì tuntun náà kò fọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo so wáyà mọ́ ọ̀kan, mo fi iná mànàmáná sí i. Irú séràmíìkì yìí máa ń rántí ìhà tí iná tì í sí kẹ́yìn; ìlà tó bá yà lórí kọ̀ǹpútà á yípo wá pàdé ara rẹ̀. Ìlà tèmi tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì wọ́ lápá kan, ṣùgbọ́n ó pàdé: séràmíìkì náà ń ṣiṣẹ́.

Mo pe màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní, "Alhamdulillah," ó wá béèrè bóyá mo ti parí, kí n lè máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Mo ní ó ku irú séràmíìkì náà tó fẹ́lẹ́ bí awọ, tí a ń tẹ́ sórí gíláàsì, pé ìyẹn ṣì ń sán. Nẹ́tíwọ̀kì já. Mo fi ìlà náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Ó ní ó dára, kí n ṣe òmíràn kó lè dá wa lójú.

Oòrùn ṣì mú nígbà tí mo dé ọjà Race Course láti wá nǹkan jẹ. Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró láàárín èrò, mo sì wọkọ̀ padà lọ wọn ìyẹ̀fun mìíràn.