Ojú Ìwé Mẹ́wàá Tó Gbẹ̀yìn Wà Lọ́wọ́ Mi

Mo gbẹ̀san lónìí, ara sì tù mí.

Láti ọdún tó kọjá ni Bọ̀dá Ràṣídì, tíṣà kan ní Ìfọ́n, ti yá ìwé mi lórí adìyẹ sísìn. Kò dá a padà. Orí Wásáàpù ló wà tó ń sọ fún gbogbo ayé pé, "Ẹ wá ìwé yìí kà, ó dára gan-an." Èmi tí mo ni ín, adìyẹ mi ń kú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n wá ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó dùn fóun. Mo fún un ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n mo ti kọ́kọ́ yọ ojú ìwé mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn.

Láàárọ̀ yìí, ó gun ọ̀kadà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù n'Ílobù. Mo kúnlẹ̀ kí i dáadáa, àgbà ṣáà ni.

"Ìyá Àwáwù, èyí tó kù dà? Ta ló pa bàbá olówó yẹn gan-an?"

Orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo wà tí mo fi dá a lóhùn: "Ẹ má bínú, sà. Ìwé adìyẹ mi ló mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi gbé e wá, á sọ fún yín."

Ó ti sáré padà sí Ìfọ́n lọ gbé e.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó dé: ṣé kí n kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fún un, àbí kí n mú èyí tí orúkọ apànìyàn wà nínú rẹ̀ pamọ́ fún ọdún kan?