Òkè Tèmi, Erin ti Màmá

Orí tábìlì mi ni tíṣà jọ́gíráfì tẹ́ máàpù Áfíríkà sí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nítorí kò sí tábìlì mìíràn tó gùn tó o nínú ilé ẹ̀kọ́ wa ní Hanoukopé. Máàpù náà ti ya láti Sudan wọ Kenya, ó sì fẹ́ fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Èmi ni akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ náà, máàkì àwọn ọmọ ni mò ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Mo dáwọ́ dúró, mo bá a di etí máàpù mú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò mi gan-an ni mo ti rí i: àmì funfun kékeré onígun mẹ́ta, nísàlẹ̀ ìlà tó pín ayé sí méjì, tí wọ́n kọ 5,895 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Kí ni iye yìí?"

"Mítà ni, Madáàmù. Gíga òkè Kilimanjaro nìyẹn. Yìnyín ló funfun lórí rẹ̀ yẹn."

"Yìnyín? Níbi tí oòrùn ti ń mú báyìí?"

Ọmọ Ifẹ̀ apá Atakpamé ni tíṣà yìí, ẹ̀fẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gùn ún lọ wò ó, kí ẹ mọ̀ bóyá irọ́ ni mo pa. Ibi tí ẹ jókòó sí ní Lomé yìí ńkọ́? Bóyá ló fi mítà mẹ́wàá ga ju òkun lọ. Tí ẹ bá dúró sórí àga, ẹ ti gun òkè tó ga jù ládùúgbò nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n iye náà bá mi délé. Bí mo ṣe rí nìyẹn láti kékeré: ohun tí wọ́n bá lè wọ̀n, mi ò lè fi í sílẹ̀. Kó tó di pé òjò ọdún náà dá, mo ti mọ̀ pé ọ̀nà Machame ló wù mí, pé ọjọ́ méje ni mo máa lò lórí rẹ̀, àti pé ẹnubodè tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ti fi nǹkan bí mítà 1,800 ga kí èèyàn tó gbé ẹsẹ̀ kan rárá. Mo mọ ibùdó tí wọ́n ń sùn sí lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń gòkè dé nǹkan bí 4,600 lọ́jọ́ kẹta, tí wọ́n á tún padà sọ̀kalẹ̀ lọ sùn: kí ẹ̀jẹ̀ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo kà á lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kan tí mo fi aṣọ ṣe èèpo rẹ̀.

Níbo lèèyàn ti ń kọ́ òkè gígùn ní Lomé? Mo fi rúlà wọn àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́ wa. Àkàsọ̀ mẹ́rìnléláàádọ́ta ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàdínlógún. Láti ẹnubodè Machame dé orí òkè jẹ́ irú àkàsọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹgbàá méjìlá. Lójoojúmọ́, tí àwọn ọmọ bá ti lọ, mo máa ń gùn ún nígbà mẹ́wàá pẹ̀lú báàgì ìrẹsì lẹ́yìn. Lọ́jọ́ Àìkú, màá lọ sí Baguida lọ rìn nínú yanrìn etí òkun, níbi tó ti rọ̀ jù lọ.

Èmi àti màmá mi la jọ ń gbé ní Sanguéra. Baguida ni wọ́n ti yan ẹja fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ òkè fún wọn, wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Kí ló sọnù síbẹ̀?"

"Kò sí ohun tó sọnù, Màmá. Mo kàn fẹ́ débẹ̀ ni."

"Ìyá Olókè! Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń lọ Mẹ́kà, ìwọ ń lọ síbi tí wọ́n ti ń gbọ̀n."

Àmọ́ nígbà tí mo sọ pé àwọn tó bá gun òkè náà máa ń tibẹ̀ lọ wo ẹranko nínú igbó, wọ́n gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀. "Erin ńkọ́?"

"Erin pọ̀ níbẹ̀. Ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Tarangire, agbo-agbo ni wọ́n ń rìn."

Wọ́n ní, "Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́: àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin. Bàbá mi ń pa á lówe. Èmi náà ń pa á lówe. Mi ò rí erin rí. Bàbá mi ò rí i rí títí wọ́n fi kú."

Bí ètò náà ṣe di ti ẹni méjì nìyẹn. Òkè tèmi, erin ti Màmá. Màmá á dúró dè mí ní Moshi, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè, fún ọjọ́ méje. Tí mo bá sọ̀kalẹ̀, a ó jọ wọ ọkọ̀ olórùlé ṣíṣí lọ wo erin fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n bi mí bóyá mọ́ṣáláṣí wà ní Moshi. Mo ní ó wà. Wọ́n bi mí bóyá wọ́n ń ta ẹja níbẹ̀. Mo ní ẹja odò ni. Wọ́n yínmú.

Màmá tilẹ̀ bá mi dá ọjọ́. Àwọn tó ń gun òkè náà fẹ́ràn kí òṣùpá kún lóru tí wọ́n máa dé orí rẹ̀. Mo ń wá òṣùpá kíkún kiri lórí fóònù, Màmá sì ní, "Kí lò ń wá? Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù ni òṣùpá ń kún. Mú oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀, kí o ka mẹ́rìnlá." Mo kà á, ó sì bọ́ sígbà tí òjò kì í rọ̀ níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fa ìlà méjì sábẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Iléyá ni mo ra ẹ̀rọ kan ní ilé oògùn. Ẹ̀rọ kékeré ni, ó dà bí ohun tí a fi ń há aṣọ sórí okùn. Wọ́n ń fi í há ìka. Iná inú rẹ̀ á gba inú ẹran ara kọjá, á sì sọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe tó nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́bàá òkun, ẹni tí ara rẹ̀ le yẹ kó ní 95 sókè. Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè ló ń lọ sílẹ̀, àwọn amọ̀nà òkè sì ń fi í wo àwọn èèyàn wọn láàárọ̀ àti lálẹ́ kí wọ́n lè mọ ẹni tó yẹ kó padà. Tèmi jẹ́ 98. Mo fi há ìka Màmá. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mú un, ó wá kọ 87.

Màmá ní, "Ẹ̀rọ rẹ ti mọ̀ pé arúgbó ni mí."

Mo wo ìka wọn. Làálì dúdú tí wọ́n lé fún Iléyá ṣì ń dán lórí gbogbo èékánná wọn, ó dúdú bí inú ìkòkò. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti ka ìyẹn náà: ohun dúdú lórí èékánná lè dí iná ẹ̀rọ lọ́nà, kó sì mú kí iye náà kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn bí ẹni tó gbowó iṣẹ́ olùkọ́. Mo gbìyànjú ìka ẹsẹ̀. Làálì wà níbẹ̀ náà. Mo bá kọ ọ́ sínú ìwé mi: *Màmá, 87 (làálì)*.

Ìwé náà wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. *87 (làálì). 88 (làálì). 86 (làálì).* Ìkómọ kan dé ládùúgbò, wọ́n tún un lé. Ìgbéyàwó kan dé, wọ́n tún un lé. *85 (làálì).* Mọ́kànlá ni wọ́n, ìlà kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé ara wọn, ọ̀rọ̀ kan náà nínú àkámọ́.

Mo mọ àmì àìsàn òkè lórí bí ẹni mọ Fátíhà: kí èèyàn máa mí hẹlẹ-hẹlẹ, kó máa sinmi láàárín ọ̀rọ̀, kó máà lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, kí ètè rẹ̀ máa dúdú. Màmá ti ń jókòó kírun láti ìgbà òjò. Ìrọ̀rí méjì ni wọ́n fi ń sùn, wọ́n sì ti ń sinmi lójú ọ̀nà láti yàrá dé ẹnu géètì. Mo ní eékún ni. Mo ní ọyẹ́ ló ń bọ̀. Òkè ni mo ń wá àìsàn òkè sí, mi ò wá a nínú yàrá wa ní Sanguéra.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá mi dé Baguida lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn níbi ẹja yíyan. Mo ń rìn lọ nínú yanrìn, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà sáré jáde, ó ń ké pè mí. Màmá jókòó sórí agbọ̀n tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú. Ètè wọn ti dà bí aró. Wọ́n ní, "Má pariwo. Èéfín ni. Èéfín ti mọ̀ mí tipẹ́."

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá wọlé nílé ìwòsàn mú irú ẹ̀rọ mi jáde. Mo yára sọ fún un pé kó má dà á láàmú, làálì ò ní jẹ́ kó ríran. Ó ní, "Mo rí i, Àǹtí." Ó bá yọ òmíràn tó ní okùn gígùn, ó fi há etí Màmá.

Kò sẹ́ni tó ń lé làálì sí etí. Ó kọ 84.

Dókítà jẹ́ obìnrin tó kéré sí mi. Ó fi èdè Mina bá Màmá sọ̀rọ̀, ó fi Faransé bá mi sọ ọ́. Ó bi Màmá iye ọdún tí wọ́n fi yan ẹja, ó sì mirí nígbà tó gbọ́ ọ. Èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ohun tó ti bàjẹ́ níbẹ̀ kò ní padà, ṣùgbọ́n ká ní a ti tètè wá ni, wọn ì bá ti dá a dúró. Mo bi í bóyá Màmá lè wọ bàálù. Ó ní rárá. Mo mọ ìdí rẹ̀ kó tó sọ ọ́: afẹ́fẹ́ inú bàálù dà bí ti orí òkè tó ga ní ẹgbẹ̀rún méjì mítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún mọ ohun tí kò sọ. 84 ni wọ́n sábà máa ń rí lára ẹni tó wà lókè ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mítà. Ibẹ̀ ni ìyá mi ń gbé.

Mo fi ìwé mi han Màmá lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo fẹ́ kí wọ́n bú mi. Wọ́n wò ó, wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún ara rẹ̀ kọ.

"Kí nìyí tó pọ̀ báyìí?"

"Làálì ni, Màmá."

"Kí lo wá ń sunkún sí? Èmi ni mo lé e." Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ṣé kò sí erin níbi tí mọ́tò lè dé?"

Ó wà. Ọgbà ẹranko kan wà ní àríwá Ghana, ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga, ọjọ́ méjì ni lójú títì tí a bá ń sinmi. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò: ìgò ọ́síjìn kan, wákàtí mélòó, ibi tí a ó ti pààrọ̀ rẹ̀, àga ọkọ̀ tó ṣeé dà sẹ́yìn. Tíṣà jọ́gíráfì bá mi fi pẹ́ńsù fa ojú ọ̀nà náà sórí máàpù, kò sì ṣẹ̀fẹ̀ kankan lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ìyá Baguida bẹ̀rẹ̀ sí í pe Màmá ní Ìyá Elérin. Dókítà ní ká jẹ́ kí ọyẹ́ kọjá ná. A mú ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọyẹ́.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Màmá kú, lórí ìrọ̀rí mẹ́ta, pẹ̀lú okùn ọ́síjìn nímú. Kí ìrun ọ̀sán tó parí, wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀. Èmi àti àwọn obìnrin méjì láti mọ́ṣáláṣí la wẹ̀ wọ́n. Èmi ni wọ́n ní kí n da omi sí ọwọ́. Láti ọjọ́ ilé ìwòsàn ni wọn ò ti lé làálì mọ́. Èékánná wọn ti hù, ó mọ́ láti ìsàlẹ̀ wá, làálì sì kù sórí bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Gbogbo ibi tó mọ́ yẹn fẹ̀ tó láti fi ẹ̀rọ há. Obìnrin tó wà lápá kejì rọra ní, "Ọmọ mi, máa da omi náà lọ."

Wọ́n ti tún máàpù gbé kọ́ sára ògiri. Tíṣà bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Madáàmù, òkè wa ńkọ́?" Mo ní mi ò tíì mọ̀. Òótọ́ ni. Mo ṣì ń gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n mi ò ka àkàsọ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wọ ọkọ̀ lọ sí Agou, òkè tó ga jù ní Togo. Ọkọ̀ ń dé ìtòsí orí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹsẹ̀ rìn láti abúlé tó wà nísàlẹ̀, nínú oko kòkó àti ti kọfí. Ó gbà mí ní wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kùrukùru bo òkè náà, mi ò rí ibì kankan. Mo jókòó sórí òkúta, mo dúró kí èémí mi balẹ̀, mo fi ẹ̀rọ há ìka mi, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ ìlà Màmá tó kẹ́yìn:

*Agou, mítà 986. Èmi, 96. Kò sí làálì.*