Ihò Ìdí Fẹ́ǹsì Wa

Kò wọlé. Mo ní kò wọlé. Mo wo ìdí ilẹ̀kùn, ó gbẹ. Mo wo abẹ́ àga, ó gbẹ. Mo kúnlẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu ilẹ̀ pálọ̀ láti ògiri kan dé èkejì bí ẹni tí abẹ́rẹ́ sọnù mọ́ lọ́wọ́, eruku ló lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Eruku o, nínú ilé tiwa, lọ́jọ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án tí kò dá títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Mo bá dìde, mo so ìró mi dáadáa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàárín pálọ̀ láìsí orin. Mọ́mì ń wò mí láti orí tábìlì ìjẹun tí wọ́n jókòó lé. Wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò gbà gbọ́.

"Ṣé o wo ẹ̀yìn fíríìjì?"

"Mo wò ó, Mọ́mì. Ó gbẹ."

"Tún un wò."

Ẹ jẹ́ kí n mí ná, kí n tó ṣàlàyé.

Tí ẹlòmíì bá gbọ́ tí òjò ń lu páànù, oorun ló máa ń gbé e lọ. Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé yìí ní Bódìjà, ẹsẹ̀ la máa ń ká sókè. Bí mo ṣe gbọ́ ẹ̀kán àkọ́kọ́ lórí páànù lọ́sàn-án yẹn, ọwọ́ mi ti ń fa máṣíìnì ìránṣọ mi lọ sórí bẹ́ǹṣì kí n tó mọ̀ pé mo ti dìde. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé ayé wa. Bàtà kì í wà nílẹ̀, báàgì kì í wà nílẹ̀, kódà ìwé ilé-ìwé mi, orí kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ń sùn.

Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá, ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ẹ̀yin àbúrò mi tó jẹ́ pé bíríkì íńtálọ́ọ̀kì lẹ bá nínú ọgbà yín, koríko la ní nígbà tiwa. Koríko tútù, láti ìdí géètì títí dé ẹ̀yìn kíṣìnnì, àti bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kan tí bàbá mi ń tọ́jú bí ọmọ. A máa ń gun àtẹ̀gùn kí a tó dé ìloro nígbà náà. Àárọ̀ Sátidé, Dádì á wọ sókótó iṣẹ́ wọn, wọ́n á mú àdá, wọ́n á máa súfèé orin ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa ro koríko, èmi á máa fi ráákì kó o jọ. Òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé yẹn, tí mo bá gbọ́ ọ níbikíbi báyìí, ebi ògì àti àkàrà ló máa ń pa mí.

Tíṣà ni Dádì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n lójú ara wọn, wọ́n tún jẹ́ kápẹ́ńtà, wọ́n jẹ́ bíríkìlà, wọ́n jẹ́ púlọ́ńbà, wọ́n tún ń fa wáyà iná. "Kí ni wọ́n fẹ́ wá ṣe tí ọwọ́ tèmi ò lè ṣe?" Ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn tí Mọ́mì bá ti ní kí a pe oníṣẹ́. Gbogbo ilé wa ló sì ń jẹ́rìí sí ọwọ́ wọn. Géètì wa, o ní láti gbé e sókè díẹ̀, kí o fi orúnkún gbá a, kí o wá bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ omi kíṣìnnì, ibi tí gbogbo ayé ń yí ẹ̀rọ sí láti ti omi, ibẹ̀ la ń yí tiwa sí kó lè ṣí. Swíìṣì tó ń tan iná balùwẹ̀, inú kíṣìnnì ló wà, nítorí náà tí ẹni tó ń se ọbẹ̀ bá parí, tó pa iná, ìwọ tí ọṣẹ wà lójú rẹ ti wọ òkùnkùn. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ náà kì í tì. Orin la fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Tí o bá fẹ́ wẹ̀, o gbọ́dọ̀ máa kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni má baà já wọlé. Àlejò ò mọ̀, ojú ti ti ọ̀pọ̀ wọn.

Fẹ́ǹsì tó wà láàárín àwa àti Alájì kúrú nígbà yẹn. Alájì ni baálé ilé kejì, oníṣòwò ńlá, ọmọ Ìbàdàn gangan, ẹni pẹ̀lẹ́. Tí wọ́n bá dúró, a máa ń rí fìlà wọn lórí fẹ́ǹsì. Ọmọ wọn, Sìdí, ni ọ̀rẹ́ mi. Ní ìdí fẹ́ǹsì náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́, àwọn tó kọ́ ilé dá ihò kan sí i, ó tó ẹnu garawa. Omi òjò ọgbà wa máa ń gba ibẹ̀ lọ sínú gọ́tà tó wà ní ọ̀dọ̀ Alájì, gọ́tà náà á gbé e lọ sí ojú àgbàrá ńlá lẹ́yìn ilé. Àwa ò mọ ìyẹn. Lójú èmi àti Sìdí, tiwa ni wọ́n dá a fún. Ibẹ̀ ni mo ti ń na ẹ̀pà sísun sí i, òun náà á na àgbàdo sí mi. Ó na bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan sí mi rí, kò sì sọ ìdí. Lọ́jọ́ kan, wàláà ilé-kéú ló tì gba ibẹ̀, ó ní kí n bá òun gbé e pa mọ́, kí wọ́n má baà rí i mú lọ kéú. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni wọ́n ti rí i. Ìyá mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, gbé wàláà lọ́wọ́ bí ẹni gbé ẹyin, wọ́n lọ kan géètì Alájì, wọ́n ń tọrọ àforíjì ohun tí wọn ò mọ̀.

Adìyẹ Alájì ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wọ́n rí ihò wa. Wọ́n gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n sì tú bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ Dádì ká pátápátá. Dádì ò pariwo. Wọ́n kàn po símẹ́ńtì, wọ́n ní kí n gbé bulọ́ọ̀kù wá, wọ́n sì dí ihò náà pa. Bí wọ́n ṣe ń fi símẹ́ńtì bò ó, fìlà Alájì yọ lórí fẹ́ǹsì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà."

"Ẹ ṣé, Alájì. Ẹ kú àmójútó."

Ó parí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ adìyẹ. Kò sẹ́ni tó dárúkọ omi.

Nígbà tí òjò dé, omi ọgbà wa ò rí ibi gbà mọ́. Ó bá gba ẹnu géètì wa jáde, ó yà sí ẹnu géètì Alájì, ó wọ ọ̀dọ̀ wọn. Kí ni Alájì ṣe? Wọ́n pe tipà, wọ́n da iyanrìn, wọ́n fi gbé ọgbà wọn ga. Omi bá padà sọ́dọ̀ wa. Dádì náà pe tipà. Bí wọ́n ṣe ń tú iyanrìn sílẹ̀, Alájì dúró lẹ́nu géètì: "Ẹ kú ìnáwó o, Tíṣà." Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Alájì tún gbé tiwọn ga, Dádì náà lọ kí wọn: "Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun." Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn bàbá méjèèjì yìí ò jà rí. Wọ́n ń bá ara wọn jẹ ẹran iléyá, wọ́n ń gbé ìrẹsì Kérésì fún ara wọn, wọ́n sì ń fi ẹ̀rín rán omi sí ara wọn lọ́dọọdún.

Koríko wọlẹ̀ lábẹ́ iyanrìn. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ wọlẹ̀. Àtẹ̀gùn ìloro wa wọlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọgbà fi ga ju ilé lọ. Ẹ gbọ́ mi yé o: tí o bá fẹ́ wọ pálọ̀ wa báyìí, ńṣe lo máa sọ̀kalẹ̀, bí ẹni ń wọ inú kòtò. Ọgbà tí wọ́n gbé ga kí omi má baà wọlé wá di ohun tó ń da omi sílé. Dádì mọ odi kékeré sí ẹnu ọ̀nà fúnra wọn, omi gba abẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún gbé fẹ́ǹsì ga, fìlà Alájì ò yọ mọ́. Sìdí lọ́kọ, ó kó lọ Ìlọrin. Èmi parí sẹ́kọ́ńdìrì, mo kọ́ṣẹ́ aránṣọ, mo sì ń gbá omi pálọ̀ pẹ̀lú pákà bí mo ṣe ń gbá a láti kékeré.

Òjò tó ṣáájú eléyìí ló wá dé e ládé. Omi wọlé nígbà tí a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá lééṣì oníbàárà mi nínú apẹ̀rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì yọ mọ́ra. Mo sunkún. Mọ́mì ò sunkún. Wọ́n gbé báàgì ìrìn-àjò wọn sórí tábìlì, wọ́n ká aṣọ sínú rẹ̀ níṣojú gbogbo wa.

"Tí omi bá tún wọ ilé yìí, Àkóbọ̀ ni mò ń lọ, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Bàbá ẹ á máa bá ẹja gbé."

Dádì ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé àwọn máa pe tipà.

Ẹ wo mí. Mo bọ́ síta kí n má baà sọ̀rọ̀ tí ò dáa. Mo pe Sìdí lórí fóònù kí n rí ẹni rojọ́ fún. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní, "Ihò wa yẹn ńkọ́? Ṣebí ibẹ̀ ni omi yín máa ń gbà. Ṣé o rántí ọjọ́ tí bàtà mi léfòó nínú rẹ̀?" Fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ yìí, a ń rántí ẹ̀pà, a ń rántí wàláà, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó rántí omi.

Sátidé tó tẹ̀lé e, Dádì lọ sí ìpàdé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Mo wọ sókótó iṣẹ́ wọn, mo mú ṣọ́bìrì wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìdí fẹ́ǹsì. Mo gbẹ́ iyanrìn Dádì, mo gbẹ́ é títí mo fi bá ilẹ̀ dúdú tí ẹ̀fọ́ wà nígbà kan, ọwọ́ mi bó. Mo bá kan bulọ́ọ̀kù náà. Mo gbé òòlù. Bí mo ṣe ń lù ú ni ohùn kan dún láti òdì kejì.

"Ta ló ń kan ògiri mi bí ọlọ́pàá?"

"Èmi ni, Alájì. Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ihò yẹn ni mò ń wá."

"Ihò adìyẹ?"

"Ihò omi, sà."

Mo gbọ́ tí bàtà wọn ń jìnnà lọ. Mo rò pé wọ́n ti lọ. Wọ́n wá ní, "Sọ fún Tíṣà pé adìyẹ mi ti tán tipẹ́." Mo sì gbọ́ tí ṣọ́bìrì ń ha ilẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n ń kó iyanrìn kúrò nínú gọ́tà tiwọn. A kàn ń ṣiṣẹ́, èmi níhìn-ín, Alájì lọ́hùn-ún, títí bulọ́ọ̀kù fi fọ́ tí ìmọ́lẹ̀ wọlé.

Dádì dé, wọ́n bá mi nínú kòtò. "Ta ló ní kí o fọ́ iṣẹ́ mi?"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ná."

Wọ́n wọlé, wọn ò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí òjò fi rọ̀. Òjò náà ni mò ń jó sí nígbà tí ẹ bá mi. Omi wá láti ìdí géètì, ó kọjú sí ilé bó ṣe máa ń ṣe, ó dé ibi kòtò mi, ó yà, ó sì lọ. Mo wò ó láti ojú fèrèsé títí ó fi wọ ihò lọ.

Lẹ́yìn tí mo yẹ ẹ̀yìn fíríìjì wò lẹ́ẹ̀kejì, Mọ́mì sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì. Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n sì gbé e kalẹ̀. Sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lórí ilẹ̀ pálọ̀ wa. Dádì rí i, wọ́n yí ojú sí tẹlifíṣọ̀n tí kò síná nínú rẹ̀.

Koríko ò tíì padà wá, mi ò sì rò pé ó máa padà. Fẹ́ǹsì gbogbo àdúgbò ti ga, wáyà wà lórí rẹ̀, ọmọdé ilé kan ò mọ ti ilé kejì. A ṣì ń sọ̀kalẹ̀ wọ pálọ̀, géètì ṣì ń fẹ́ ẹ̀bẹ̀, a ṣì ń kọrin nínú balùwẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò wa wà níbi tí a fi í sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, mo rí Dádì pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti símẹ́ńtì, wọ́n kọjú sí ìdí fẹ́ǹsì. Mo sáré jáde pẹ̀lú kọ́ọ̀bù ògì lọ́wọ́, mo jókòó lé ẹnu ihò náà.

"Dìde níbẹ̀."

"Mi ò dìde, Dádì."

"Eku ńkọ́? Ejò ńkọ́?" Wọ́n yọ nẹ́ẹ̀tì wáyà kan lábíyá, wọ́n ti gé e lára fèrèsé àtijọ́, wọ́n sì ti kan igi yí i ká fúnra wọn. Ó wọ́ síbì kan. "Èyí ni mo fẹ́ fi sí i. Omi á kọjá, ejò ò ní kọjá."

Mo wo nẹ́ẹ̀tì náà síwá sẹ́yìn. Láti òdì kejì, ẹnì kan wúkọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà."

Dádì bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ẹnu sún mọ́ ihò. "Alájì, ẹ kú àná. Mo gbọ́ pé ẹ bá ọmọ mi ṣiṣẹ́."

Mo dìde, mo gbé kọ́ọ̀bù mi kalẹ̀, mo lọ bá wọn po símẹ́ńtì.