Fóònù Orí Ọ̀pẹ

Ní gbogbo ìlú Massè, kò sẹ́ni tó ń pa Àlàgbé láyò. Iṣẹ́ ẹmu ló ń ṣe. Bó bá ti sọ igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, á gbé ọpọ́n ayò síwájú rẹ̀. Àlàgbé á pa á, á tún un pa, á máa pè é ní òpè, ọmọ náà á sì máa rẹ́rìn-ín. Kò sóhun tó dùn mọ́ Àlàgbé tó bẹ́ẹ̀.

Àfi ìgbà tí ìyàwó rẹ̀, Oyèfúnkẹ́, ra fóònù tó ní eré nínú. Láti ìgbà náà, bí bàbá bá dé, ọmọ á kí i tán, ojú rẹ̀ á padà sórí fóònù. Àlàgbé ní eré yẹn yóò ba ẹ̀kọ́ ọmọ òun jẹ́. Oyèfúnkẹ́ ní ọmọ tó mọ̀wé báyìí, kí ni yóò bàjẹ́ lára rẹ̀? Àlàgbé náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kọ́ nìyẹn. Owú ló ń jẹ ẹ́, àgbà ọkùnrin tó ń bá fóònù jowú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jí fóònù náà gbé, ó gun ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé, ó fi í há àárín imọ̀. Òun nìkan ló ń gun ọ̀pẹ nílé náà. Nígbà tí wọ́n ń wá a, ó bá wọn wá a, àní ó gbọn ẹní wò. Ẹ̀yìn náà ni Félicité, aládùúgbò wọn, fi fóònù tirẹ̀ pe nọ́ńbà rẹ̀, ni ọ̀pẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Oyèfúnkẹ́ wòkè, ó wo ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Ìbídùn, ọ̀pẹ ń pè yín.”

Tìtìjú-tìtìjú ni Àlàgbé fi gbé igbà, ó gun ọ̀pẹ. Bó ti fọwọ́ kan fóònù lókè, ojú fóònù náà tàn: ọpọ́n ayò ló wà níbẹ̀, tọmọ-tọmọ. Inú Àlàgbé wá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ta ni ọmọ òun ń bá ta á?

Ó sọ̀kalẹ̀, ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè. Ìbídùn doríkodò.

“Fóònù ni mò ń bá ta á. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n ta, kí n lè pa yín.”

Orí Àlàgbé wú. Ó dá fóònù padà fún un, ó ní kó gbé ọpọ́n wá. Bí wọ́n ti ń ta á, Ìbídùn rọra ń tọ́jú ọmọ ayò sílé kan lórí ọpọ́n, ó ń jẹ́ kí bàbá rẹ̀ máa jẹ wẹ́wẹ́. Lójijì ló tú ilé náà, ó sì pa bàbá rẹ̀ láyò.

Inú Àlàgbé dùn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n yẹn. Ó wo fóònù tó wà lórí itan ọmọ náà. Ó ní kó tún ayò tò, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbé ìyẹn wọlé.