Abúlé Tí Mo Yọ Kúrò Lábẹ́ Bàálù

Kò sí ọ̀nà oko kan láti Ìlaròó dé Ìmẹ̀kọ tí táyà alùpùpù mi kò tẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Púráímárì tíírì ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó háyà yàrá iwájú nílé mi ní Ìlaròó, tó kàwé débi pé kò lè ríran láìlo awò, èmi ló máa ń bi pé, "Ẹ̀gbọ́n, apá ibo ni odò yìí yà sí?"

Ó ní kọ̀ǹpútà kan tó so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn àti Kútọnu jọ ń ṣe eré kan tí èèyàn fi ń wa bàálù láìkúrò lórí àga. Wọn kì í tà á. Ẹni tó bá ṣe tirẹ̀ kún un á fi dísìkì rán an sí èkejì, ẹni tó bá sì rí àṣìṣe á tún un ṣe. Ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a ń pè ní Yewa báyìí, tèmi ni: ìlú wo ló wà níbo, báwo ló ṣe jìnnà sí èkejì, òkè wo ni awakọ̀ bàálù máa kọ́kọ́ rí. Mo máa ń gun alùpùpù lọ, n ó wo aago máìlì rẹ̀, n ó wo kọ́ńpáàsì tí olùkọ́ fún mi, n ó padà wá ròyìn, òun á sì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Òun fúnra rẹ̀ fẹnu sọ pé apá tèmi ló péye jù.

Èmi náà ni mo dá òfin tí gbogbo wọn wá ń lò: ibi tí èéfín kò bá ti rú mọ́, ká yọ ọ́ kúrò nínú eré náà. Lẹ́yìn tí ìjọba ti ẹnubodè pa, tí òwò ọ̀nà Kétu tó wà ní òdìkejì dáwọ́ dúró, ará abúlé púpọ̀ ti kó lọ sí Ayétòrò. Kí la fẹ́ fi abúlé tó ti di igbó júwe fún awakọ̀ bàálù?

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé abúlé ìyá mi, ní ìkọjá Ayétòrò. Màmá nìkan ló kù níbẹ̀. Ilé yòókù ti wó. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, kí wọ́n má baà sọ pé gbajúmọ̀ bíi tèmi fi ìyá rẹ̀ sínú igbó. Ó ní òun kò lọ síbì kankan. Lọ́jọ́ náà ó bu omi fún mi, ó sun iṣu, mo jẹ ẹ́ lẹ́bàá ààrò rẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo ní kí olùkọ́ yọ ibẹ̀.

"Ṣé kò séèyàn níbẹ̀ mọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi tí mo débẹ̀ lò ń bi? Yọ ọ́, jàre."

Ó yọ ọ́. Dísìkì lọ sí Ìbàdàn, ó lọ sí Kútọnu. Lọ́kàn mi, obìnrin kan ṣoṣo kì í ṣe abúlé. Inú mi tilẹ̀ dùn pé nǹkan kan láyé yìí ti gbà pẹ̀lú mi pé ibẹ̀ ti parí.

Kò pẹ́ sí i, ìyàwó mi bímọ, Màmá wá kí wa. Mo mú un wọ yàrá olùkọ́ kó lè wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Olùkọ́ gbé bàálù ní Ìlaròó, ó kọrí sí àríwá. Màmá fara mọ́ tábìlì bí ẹni pé òun ló ń wà á.

"Ṣé ọ̀nà nìyẹn?"

"Ọ̀nà ni, Màmá. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n."

"Háà! Ayétòrò rèé! Rọra o, ọmọ mi, má fi nǹkan yìí kọ lu òrùlé àwọn ẹlẹ́ran." Olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa, yà sọ́wọ́ òsì. Ilé wa ló kàn."

Olùkọ́ yà. Igbó lásán ló wà níwájú.

"Àbí a ti kọjá ibẹ̀ ni?"

Olùkọ́ wò mí. Mo ní, "Wọ́n ti yọ ọ́, Màmá. Wọ́n ní kò séèyàn níbẹ̀ mọ́."

"Ta ló sọ fún wọn?"

"Èmi ni."

"Ṣé o débẹ̀?"

"Mo débẹ̀."

"Ta ló fún ọ lómi mu?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

Olùkọ́ fẹ́ bá mi tún un ṣe. "Màmá, ẹ má bínú. Ibi tí èéfín kò bá ti rú mọ́ là ń yọ."

"Èéfín? Iṣu tí ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ, ṣé oòrùn ni mo fi sun ún?"

Ó dìde, ó ní kí n gbé òun lọ sílé. Ìyàwó mi bẹ̀ ẹ́ pé oúnjẹ wà lórí iná, kò gbọ́. Lórí alùpùpù, kò dì mọ́ mi bó ṣe máa ń ṣe. Irin ẹ̀yìn ló dì mú títí a fi dé.

Olùkọ́ dá abúlé náà padà, ó sì fi dísìkì tuntun ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti fi ti àkọ́kọ́ lé lọ́wọ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Ẹnì kan lè wà níbì kan tó ń fò kọjá lórí ìyá mi, tó sì ń rí igbó.

N kò tún ní kí ó wá gbé lọ́dọ̀ mi mọ́. Èmi ni mo ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tó sì ń ṣe nìyí: bó bá ti gbọ́ ìró alùpùpù mi lókèèrè, á da ewé tútù sínú iná. Kí n tó yà kúrò lójú títì, n ó ti máa wo èéfín ńlá tó rú bo orí igi. Bí mo bá wọlé, á nawọ́ omi sí mi.

"Ṣé o rí wa?"

"Mo rí yín, Màmá."