Nọ́ńbà Kẹrin Nínú Ẹ̀rọ Bọ̀ọ̀dá Bọ́dúnrìn

Fọ́tò kan wà lókè rédíò nínú pálọ̀ màmá àgbà wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bọ̀ọ̀dá Bọ́dúnrìn, àbúrò bàbá mi, ló wà nínú rẹ̀. Ó wọ aṣọ funfun àwọn awakọ̀ òfurufú, ó sì gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fá irùngbọ̀n fún. Ìlà wúrà mẹ́rin ló wà lórí èjìká rẹ̀. Ọ̀gá awakọ̀ ló máa ń ní ìlà mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò náà, mẹ́ta péré ni kọ́ńpìnnì rẹ̀ fún un. Télọ̀ àdúgbò wa ló rán ìkẹrin mọ́ ọn, nítorí màmá àgbà sọ pé kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn tètè múra.

Bí ìdílé wa ṣe rí nìyẹn. A máa ń ránṣọ fún oyè tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi wá jẹ.

Bọ̀ọ̀dá Bọ́dúnrìn kàwé ní Odògbólú, ó lọ kọ́ ọkọ̀ òfurufú ní Zaria, ó sì rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ kọ́ńpìnnì kan tó ń ṣe títì. Ọkọ̀ òfurufú kékeré kan ni kọ́ńpìnnì yìí fi ń gbé àwọn ọ̀gá rẹ̀ láti Kàdúná lọ sí Èkó. N kò ní sọ pé bọ̀ọ̀dá kò mọ ọkọ̀ wà. Ó mọ̀ ọ́n wà. Ohun tí kò mọ̀ ni bí a ṣe ń dákẹ́.

Bí ó bá ti wálé, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan ni a ó máa gbọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ̀rọ atọ́nà ni. Kò tóbi ju rédíò kékeré lọ, bọ́tìnnì òǹkà sì wà lójú rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gbéra, awakọ̀ á fi òǹkà sọ ibi tí ìlú kọ̀ọ̀kan wà fún ẹ̀rọ náà, á sì fún ìlú kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Tí wọ́n bá ti wà lókè, tí ó bá tẹ nọ́ńbà ìlú kan, ẹ̀rọ á mú ọ̀nà ibẹ̀, ọkọ̀ á sì máa tẹ̀ lé e. Orúkọ ìlú kì í hàn lójú rẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni. Nínú kọ́ńpìnnì wọn, ètò kan náà ni gbogbo awakọ̀ ń lò: Kàdúná ni àkọ́kọ́, Ìlọrin ni ìkejì, Ìbàdàn ni ìkẹta, Èkó ni ìkẹrin.

"Àwọn àgbà awakọ̀ ṣì ń fi pẹ́ńsù fa ìlà lórí máàpù," bọ̀ọ̀dá á wí, á sì rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Wọ́n ń wo odò kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n wà, bí ẹni tó ń wá ilé àna. Àwọn tó sì wà nínú ilé gíláàsì ní pápá ọkọ̀, tí wọ́n ń pàṣẹ fún wa lórí rédíò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fò rí. Ẹ̀rọ mi mọ ọ̀nà jù wọ́n lọ. Ẹ̀rọ kì í ṣìnà."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà, Alàájì Síkírù, tí í ṣe olórí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ dàgbà. "Kápítéènì," ó wí lọ́jọ́ kan, "ṣé ẹ̀rọ yẹn lè bá mi wá ìyàwó mi kékeré? Àárọ̀ ló ti ní òun ń lọ sí ọjà Òkè-Ajé."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní tí Alàájì bá lè sọ òǹkà ibi tí ìyàwó náà wà, ẹ̀rọ á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1986, kọ́ńpìnnì sọ pé àwọn yóò dán an wò. Tí ó bá yege, ìlà kẹrin á di tirẹ̀ ní tòótọ́. Tí kò bá yege, ó di kí ó máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn ì bá lọ gbé ìwé rẹ̀ kà. Bọ̀ọ̀dá tèmi lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi ìdánwò náà sí ọjọ́ kẹta Iléyá, ọjọ́ Ojúde Ọba, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde máa ń tò jáde pẹ̀lú ẹṣin lọ kí ọba, ó sì ránṣẹ́ sí Alàájì Síkírù pé, "Tí ó bá kan ẹgbẹ́ wa láti jáde, kí ẹ gbójú sókè."

Ọ̀dọ̀ àǹtí mi kan ní Kàdúná ni mo ti lo ọlidé lọ́dún náà. Nítorí àyè wà nínú ọkọ̀, wọ́n ní kí n bá bọ̀ọ̀dá wálé. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: bọ̀ọ̀dá níwájú, èmi lẹ́yìn, àti Ọ̀gá Theophilus tó fẹ́ dán an wò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ará Ìbẹfún, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni ọ̀gá yìí, ọkùnrin tó jẹ́ pé bí ẹ bá kí i, yóò kọ́kọ́ ro ìdáhùn.

Kí ọ̀gá tó wọlé, bọ̀ọ̀dá ti ń tẹ òǹkà sínú ẹ̀rọ. Ó ṣẹ́jú sí mi.

"Mojí, wá wò ó. Mo ti fi ilé wa sínú rẹ̀. Àgbàlá màmá gan-an! Tí a bá súnmọ́ ọn, màá tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ará ilé gíláàsì Èkó kí n yà fẹ̀ẹ́rẹ́, kí àwọn ènìyàn mi rí mi."

Nítorí pé ààrin Ìbàdàn àti Èkó ni ilé wa bọ́ sí, ó fi ilé ṣe ìkẹrin, ó sì ti Èkó sí ìkarùn-ún. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń súfèé.

Ọkọ̀ gbéra. A kọjá Ìlọrin láìsí ìyọnu. A kò tíì dé Ìbàdàn nígbà tí ohùn ọkùnrin kan láti Èkó dún lórí rédíò. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó yé mi. Ó ní kí wọ́n má dé Ìbàdàn mọ́, kí wọ́n máa bọ̀ tààrà sí Èkó, nítorí ọkọ̀ ńlá kan ń gòkè bọ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n pàdé.

Bọ̀ọ̀dá fi imú fa òyìnbó tirẹ̀ dáhùn. Ó na ìka, ó tẹ ìkẹrin. Kò tilẹ̀ wo ojú ẹ̀rọ. Bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láti ọdún pípẹ́ nìyẹn, ìkẹrin sì ni Èkó. Ó ti gbàgbé ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ọkọ̀ rọra yà. Ọ̀gá Theophilus wo kọ́ńpáàsì, ó wo ojú bọ̀ọ̀dá.

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá ẹ̀rọ lójú, sà."

Ọ̀gá yíjú sí fèrèsé. Iṣẹ́ ẹni tó ń dánni wò kọ́ ni láti sọ ìdáhùn. Bọ̀ọ̀dá gbé àgbọ̀n sókè bíi ti inú fọ́tò, ó sì ká ọwọ́ gbera.

Nígbà tó ṣe, ará Èkó tún pè. "Ṣé ẹ ti súnmọ́ wa?"

"A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ẹ̀rọ mi fi hàn bẹ́ẹ̀."

"N kò gbọ́ yín dáadáa bí ẹni tó súnmọ́ wa. Ẹ wo ìsàlẹ̀. Ṣé ẹ ti rí ọ̀sà?"

Ìkùukùu là lábẹ́ wa. Mo wò. Kò sí ọ̀sà kankan. Páànù tó ti dípẹtà ni mo rí, àti ọ̀nà pupa, àti pápá kan tí ènìyàn kún bí aṣọ aláràbarà tí wọ́n sá sóòrùn.

"Ẹ dáhùn. Kí ni ẹ ń rí?"

"Ẹṣin," bọ̀ọ̀dá wí.

"Ẹ tún un sọ."

"Ẹṣin, sà. Àti agboòrùn."

Kí ará Èkó tó lè sọ̀rọ̀, ohùn mìíràn wọlé. Ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ńlá náà ni. Orí Ìjẹ̀bú gan-an ni wọ́n ní kí ó gbà, nítorí wọ́n rò pé ọ̀nà Èkó ni àwa wà. Ó rọra sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wà nínú ohùn rẹ̀: "Mo rí ọkọ̀ kékeré kan níwájú mi."

"Ẹ yà sọ́tùn-ún!" ará Èkó kígbe sí wa. "Ẹ yà sọ́tùn-ún nísinsìnyí!"

Mo wo ọwọ́ bọ̀ọ̀dá mi. Ó ń wá bọ́tìnnì. Ọlọ́run gbọ́, ìka rẹ̀ ń rìn kiri lójú ẹ̀rọ náà bí adìẹ tó ń wá oúnjẹ, nígbà tí ìdarí ọkọ̀ wà ní iwájú àyà rẹ̀.

"Fi sílẹ̀," Ọ̀gá Theophilus wí. Ó gba ìdarí, ó sì yà wá sọ́tùn-ún. Ọkọ̀ ńlá náà kọjá lápá òsì wa. Mo rí àwọn fèrèsé rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Òun ló ń wà á lọ títí a fi rí omi ọ̀sà. Ìgbà náà ni ọ̀gá béèrè pé, "Kí ló wà ní ìkẹrin?"

"Ilé wa, sà."

"Ilé ta ni?"

"Ilé màmá mi."

Ọ̀gá ro ó fún ìgbà díẹ̀. "Ìyá tèmi wà ní Ìbẹfún," ó wí. "N kò fi í sínú ẹ̀rọ."

Nígbà tí a balẹ̀ ní Èkó, ó fi ìka kan èjìká bọ̀ọ̀dá. "Ìlà mẹ́ta yìí, máa tọ́jú wọn. N kò ní fọwọ́ sí ìkẹrin." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni bọ̀ọ̀dá àti èmi dé Ìjẹ̀bú-Òde. N kò mọ irú ojú tí yóò fi wọlé. Kò pọn dandan kí n ronú nípa rẹ̀. Ilé ti kún fọ́fọ́, Alàájì Síkírù sì sáré pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà.

"A rí ẹ o! Kápítéènì! O fò kọjá bí àṣá, o sì já sọ́tùn-ún wìì! Àwọn ẹṣin pàápàá gbójú sókè!"

Bọ̀ọ̀dá dúró. Ó lè sọ òtítọ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti tó. Ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Àwọn ará Èkó ló da ọ̀nà rú," ó wí. "Mo ní kí n kúkú kí yín. Mojí náà wà níbẹ̀. Mojí, ṣé irọ́ ni mo pa?"

Gbogbo ojú yí sí mi. N kì í lè sọ̀rọ̀ láàárín èrò, ṣùgbọ́n mo wá ọ̀rọ̀ tó tọ́, mo sì sọ ọ́.

"Èkó ni wọ́n ní kí ẹ máa lọ, bọ̀ọ̀dá. Ilé ni ẹ tẹ̀."

Màmá àgbà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

"Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ní kó máa lọ sí Èkó, ó ní ilé ni òun ń bọ̀! Ọmọ mi ò gbàgbé ilé!"

Ni gbogbo wọn bá hó yèè. Wọ́n gbé bọ̀ọ̀dá jókòó sábẹ́ fọ́tò náà, ó sì jẹ́ kí wọ́n gbé òun. Alàájì Síkírù ló béèrè, nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀: "Ìlà kẹrin yẹn, ṣé ó ti bọ́ sí i?"

Bọ̀ọ̀dá gbójú sókè wo fọ́tò lára ògiri.

"Ṣebí ẹ ń wò ó," ó wí.

Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì náà. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àbúdù, tí kò tó o lọ́jọ́ orí, ló jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ báyìí, òun ló sì ń tẹ ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí bọ̀ọ̀dá máa fi pẹ́ńsù fa ìlà lórí máàpù, kí ó sì máa wo odò fún un.