Àrán Gbànjo Tí Mo Rà fún Ràbí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí, kí n ròyìn ohun tójú mi rí lórí aṣọ kan tí mo rà ní gbànjo. Ó ti sú mi láti máa dá a rò nìkan. Tí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in, mi ò ní bínú.

Ọmọ aláró ni mí, ní Ọ̀tà níbí. Ìkòkò aró ìyá mi ló kún ẹ̀yìnkùlé wa. Àlejò tó bá wọlé wa, ọwọ́ ló máa kọ́kọ́ fi bo imú, nítorí òórùn aró kì í ṣe kékeré. Àwa? A kì í tilẹ̀ gbọ́ ọ mọ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí wa sí.

Ràbí, àbúrò mi, fẹ́ lọ sílé ọkọ ní Adó-Odò. Gbogbo ẹrù ìyàwó ti pé, ó ku àrán. Ìyàwó wo ló máa wọlé àna láìwọ àrán? Ṣùgbọ́n ogun àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, aṣọ òkè òkun wọ́n bí ojú. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Ṣebí èmi ni mo mọ ọjà rà! Lọ́fíńdà ni o, páúdà ni o, ìlẹ̀kẹ̀ ni o, mo lè dúnàádúrà títí ọlọ́jà á fi bẹ̀ mí pé kí n máa gbé e lọ.

Mo wọ rélùweè ní Ìjòkó, ó di Èkó. Níbi tí wọ́n ti ń lu ọjà ní gbànjo, obìnrin kan na àrán dúdú kan sí mi. Ó ní inú ọkọ̀ ojú omi ni aṣọ náà ti ń bọ̀, pé omi ló kan àpótí rẹ̀ díẹ̀, òun ni wọ́n ṣe ń tà á ní pọ́ọ́kú. Ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Ó tilẹ̀ ní kí n gbóòórùn rẹ̀. Mo gbé e símú, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Inú mi dùn, mo sanwó.

Nígbà tí mò ń bọ̀ nínú rélùweè, ìyá kan tó jókòó tì mí fi ìborùn bo imú. Mo rò pé ẹja ẹni tó wà níwájú wa ló ń dà á láàmú. Mo tiẹ̀ bá a pòṣé sí ẹlẹ́ja ọ̀hún.

Mo délé, ìyá mi tú aṣọ náà, wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n ní mo káre. Ọwọ́ tí aró ti sọ di dúdú láti ìgbà èwe ni wọ́n fi pa á o. Bí aró bá tilẹ̀ ti ara aṣọ náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́, báwo ló ṣe máa hàn?

Wọ́n so yìgì tán, a gbé ìyàwó wọ bọ̀lẹ́kájà, èmi àti ìyá mi bá a lọ. Oòrùn ọjọ́ yẹn le. Kí a tó kọjá Ìgbẹsà, òógùn ti bo Ràbí nínú àrán rẹ̀. A dé Adó-Odò, ìyá ọkọ jáde wá pàdé wa nínú aṣọ funfun, wọ́n fa ìyàwó mọ́ra. Nígbà tí wọ́n fi máa fi í sílẹ̀, apá Ràbí méjèèjì ti hàn lára aṣọ funfun wọn, dúdú kirikiri. Ọrùn Ràbí náà ti dúdú.

Ẹnì kan nínú àwọn obìnrin ilé ọkọ ní òun ti ń gbóòórùn aró láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dúró. Gbogbo wọn bá yíjú sí ìyá mi. Ṣé ẹ rí i, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Wọ́n mọ iṣẹ́ ìyá mi dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gbé aṣọ wá sí Ọ̀tà fún ìyá mi rẹ. Ohun tí wọ́n rò ò ju ẹyọ kan lọ: aláró ti rẹ ògbólógbòó àrán sínú aró, ó fẹ́ pè é ní tuntun fún wọn. Ta ló máa gbà pé ẹnikẹ́ni lè fi aró tan ọmọ aláró jẹ?

Mo fẹ́ la ẹnu pé èmi ni mo rà á, pé obìnrin Èkó yẹn ló rẹ ẹ́ kó tó tà á fún mi. Ìyá mi gbá ọwọ́ mi mú. Wọ́n kúnlẹ̀, ìyá mi, níwájú ẹni tí wọ́n jù lọ́jọ́ orí.

"Ẹ má bá ọmọ wí. Èmi ni mo rẹ ẹ́. Ọmọ ò mọ nǹkan kan."

Ìyá ọkọ ní kí wọ́n dìde, pé òun ti foríjì wọ́n.

Nígbà tí a ń padà, mo bi ìyá mi léèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi gba ohun tí wọn ò ṣe. Wọ́n ní bí a bá ní a rà á ni, àwọn àna ò ní gbà, wọ́n á kà wá sí ẹlẹ́tàn àti òpùrọ́, Ràbí ni wọ́n á sì máa fi bú lójoojúmọ́. "Ẹni tó bá jẹ́wọ́ ni wọ́n ń foríjì. Ràbí ló máa bá wọn gbé, èmi kọ́."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ràbí ti bímọ, ìyá ọkọ rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ará Adó-Odò kan ò gbé aṣọ wá fún ìyá mi mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé Ọ̀tà pẹ̀lú, ẹ sáà mọ ẹnu ayé. Àwọn oníbàárà ń dín kù. Ìyá mi ò bú mi rí. Ì bá ṣe pé wọ́n bú mi, ara ì bá tù mí.

Lọ́jọ́ kan báyìí, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fọ ọ̀kan nínú àwọn ìkòkò aró náà. Wọ́n ní kò níṣẹ́ tó ń ṣe mọ́, àwọn á máa pọn omi sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọjà pọ́ọ́kú bíi tèmi, kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí àlejò bá yín wò ó, kó bá yín gbóòórùn rẹ̀, torí imú ará ilé ò tó. Àbí èmi nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí? Kí lẹ ti rà lówó pọ́ọ́kú rí, tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló san ìyókù owó rẹ̀? Ẹ sọ ọ́, mo ń gbọ́.